Ìlà Tí Bàbá Ní Ká Má Fọwọ́ Kàn

Rárá o, Bàbá, mi ò ní jókòó, ẹ ṣeun, ẹ gbé omi náà sílẹ̀, kì í ṣe òùngbẹ ló lé mi wá síbí láàárọ̀ kùtù yìí, ìlà kan ló lé mi wá, ìlà kan ṣoṣo tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ sínú fáìlì àṣẹ kọ̀ǹpútà wa ní ọsibítù kí n tó débẹ̀ rárá, tí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN, lẹ́tà ńlá gbàgàdà, tí ẹ ò sì kọ ìdí, ẹ̀ ń gbọ́ mi, ẹ ò kọ ìdí! Wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ti yọ ọ́, obìnrin kan sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù bí mo ṣe dúró níwájú yín yìí, ẹ̀rọ ló ń bá a mí.

Ẹ ní ta ni? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe, òun ló rán kọ́tìnì gbogbo yàrá aláìsàn wa lọ́dún tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà yàrá tí ìyá rẹ̀ wà láti ọjọ́ mọ́kànlá. Bí mo bá ń kọjá, á kí mi, á ní ẹ kú iṣẹ́ mà, èmi náà á sì dá a lóhùn, èmi tí mo mọ ohun tó gbé ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, mi ò sì rójú sọ fún un. Ẹ kú iṣẹ́! Iṣẹ́ wo, Bàbá? Iṣẹ́ wo ni mo ṣe tí wọ́n fi ń kí mi?

Ẹ jẹ́ n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo rí i pé ẹ ń tún ìgò ojú yín ṣe, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe bí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n kó mi wá bá yín nínú yàrá kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ yẹn, yàrá tó tutù bí inú fíríìjì, tí ẹ wọ súwẹ́tà aláwọ̀ eérú tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti lu? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níléèwé, mo rò pé mo mọ nǹkan. Ẹ ní kí n tẹ kíbọ́ọ̀dù, mo tẹ̀ ẹ́, ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ ní mò ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́, bí orúkọ mi ṣe di Pẹ̀lẹ́ nìyẹn títí di òní olónìí. Ẹ wá fà mí mọ́ra, ẹ ní, Pẹ̀lẹ́, ètò tí a fi èdè COBOL kọ kì í gbọ́ èdè SQL, bẹ́ẹ̀ SQL ni a fi ń bá dátábéèsì, ibi tí àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà, sọ̀rọ̀, torí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rán an gba ọwọ́ Aṣáájú kọjá. Aṣáájú ni ẹ sọ ètò tó máa ń ṣíwájú kọ̀ǹpáílà yẹn, orúkọ náà ni gbogbo wa sì ń pè é. Á ka iṣẹ́ wa láti òkè délẹ̀, ibi tó bá ti bá SQL pàdé á yọ ọ́ kúrò, á fi ìpè tí COBOL gbọ́ dípò rẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpáílà á tó gbà á, á sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò. Ẹ ní àwọn méjèèjì, bí a bá ṣe pàṣẹ fún wọn nínú fáìlì àṣẹ ni wọ́n á ṣe ṣe é. Ẹ ní ẹni tó bá mọ ètò tí kò mọ fáìlì àṣẹ, kò tíì mọ nǹkan kan.

Èmi gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Mo kọ́ fáìlì àṣẹ yẹn sórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ábídí. Ìgbà tí mo dé ìlà kẹsàn-án, èyí tí wọ́n kọ TRUNC sí, tí wọ́n ní kó jẹ́ ti BIN, mo bi yín pé kí ni ìyẹn ń ṣe. Ẹ ní, Pẹ̀lẹ́, má fọwọ́ kàn án. Mo tún bi yín lọ́dún kejì, ẹ ní ṣé mo fẹ́ kí ọsibítù ó dúró ni? Ìgbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, tí a jókòó yí yín ká, tí ẹ ń jẹ bisikíìtì, mo fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní Bàbá, ìlà kẹsàn-án, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fọwọ́ gbá mi léjìká. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ wọnú mọ́tò ọmọ yín, ẹ lọ.

Mo ṣọ́ ọ, Bàbá. Mo fi Ọlọ́run búra, mo ṣọ́ ìlà yẹn ju bí mo ṣe ṣọ́ àwọn ọmọ tí mo bí lọ. A pààrọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ìgbà tí a bá kó fáìlì lọ sórí tuntun, èmi ni mò ń fi ojú ara mi wò ó pé ó wà níbẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN rẹ̀. Ta ló mọ ohun tí mò ń ṣọ́? Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá. Kíákíá ni a ń pè é lẹ́yìn, torí bó bá ti wọlé, kó tó kí èèyàn, á ti béèrè pé kí ló dé tí iṣẹ́ yìí ò tíì parí. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ó ń tètè dé ju gbogbo wa lọ. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé ètò àlẹ̀mọ́ ń pẹ́, èyí tó máa ń tẹ bébà kéékèèké tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lẹ̀ mọ́ fáìlì àwọn tó bá ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, tó ń kọ èèwọ̀ oníkálukú, ìyẹn oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà, àti ìwọ̀n oògùn àwọn ọmọdé sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ń pẹ́, ogójì ìṣẹ́jú ni láàárọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì á máa kanlẹ̀kùn. Ó ní ká kó fáìlì àṣẹ wá. Ó ń kà á pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó ní òfin tòun rọrùn, ìlà tó bá ní ìdí á dúró, èyí tí kò bá ní ìdí á máa lọ. Àbí ìyẹn burú? Ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi níṣẹ́, èwo ló burú nínú ìyẹn?

Ó fi bírò kan ìlà kẹsàn-án. Ó ní, ìyá, kí ni ìdí èyí?

Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú yàrá yẹn, àwọn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bí gbogbo wọn. Mo ti lo ọdún mọ́kànlélógún nínú iṣẹ́ náà, irun mi ti ń funfun, ṣé kí n wá ní mi ò mọ̀ ni? Mi ò lè sọ ọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yín gan-an, èyí tí ẹ rín sí mi lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, mo ní àwọn nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ wa tí wọn kì í sọ ní gbangba. Bàbá, ojú mi ṣì ń gbóná títí di ìsinsìnyí tí mo bá rántí. Ó ní ó dáa. Ó ní àwọn àgbàlagbà inú yàrá ìsàlẹ̀ fi ìmọ̀ pamọ́ bí ẹni fi ẹran pamọ́ sínú ìkòkò, kí wọ́n má baà lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo fò dìde. Mo ní kó má ba yín lórúkọ jẹ́, mo ní ẹni tó kọ ìlà yẹn kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀, mo ní kó lọ bi gbogbo ọsibítù wò. Mo gbèjà yín, mo pariwo débi pé nọ́ọ̀sì kan yọjú wò wá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dán an wò kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu iṣẹ́, ẹ ò lè sọ pé wọn ò dán an wò. Ọgọ́rùn-ún fáìlì ni wọ́n fi dán an wò, ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ nínú dátábéèsì, bí àwa náà ṣe máa ń ṣe é nígbà tiyín, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ọgọ́rùn-ún ló gún régé. Ogójì ìṣẹ́jú di mọ́kànlá. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n fún mi ní lẹ́tà pé kí n lọ máa bójú tó yàrá tí wọ́n ń kó àwọn káàdì àtijọ́ sí, pé ó yẹ kí n sinmi díẹ̀. Káàdì, eruku, àti èmi. Mo fọwọ́ lérán níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ n parí.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ tó ti yẹ kó wá rí dókítà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n gbé aránṣọ wọlé. Ibà ti mú un débi pé kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kò tíì dé. Nọ́ọ̀sì gbé fáìlì rẹ̀, ó wo àlẹ̀mọ́ tó wà lára rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ló wà níbẹ̀, níwájú èèwọ̀, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí. Nọ́ọ̀sì náà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú omi lójú, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gún un ní pẹnisílíìnì. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú aránṣọ wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí, wọ́n sáré gbé e lọ sí yàrá tí ẹ̀rọ ti ń báni mí, ibẹ̀ ló wà dòní. Dókítà ní ara ẹlòmíì máa ń rí bẹ́ẹ̀, pé èèyàn lè má ní èèwọ̀ tẹ́lẹ̀ kó wá ní in lójijì. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n á bá jà, ara obìnrin náà?

Èmi ni mo wà láàárín àwọn káàdì àtijọ́. Mi ò mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn, mo kàn nawọ́ mú káàdì rẹ̀. Nọ́ńbà 12,118. Yíǹkì pupa, ó wà níbẹ̀ fòò, nọ́ọ̀sì kan tó ti kú báyìí ló kọ ọ́: a kò gbọdọ̀ fún un ní pẹnisílíìnì láéláé. Mo bá orí ilẹ̀ jókòó.

Mo lọ wo dátábéèsì, wọn ò tíì gba páásíwọ́ọ̀dù mi lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Èèwọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Dátábéèsì mọ̀ ọ́n. Káàdì mọ̀ ọ́n. Àlẹ̀mọ́ nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Mo wá wo nọ́ńbà 2,118. Ọkùnrin kan ni, olùkọ́ eré ìdárayá, ara rẹ̀ le koko, kò sí oògùn tí kò lè lò. Kò sí, Bàbá. Kò sí ni wọ́n kọ níwájú èèwọ̀ tiẹ̀.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ ti mọ̀ ọ́n látìgbà tí mo ti wọlé.

Mo kó ètò àlẹ̀mọ́ gba ọwọ́ Aṣáájú, mo sì mú un gba ọwọ́ kọ̀ǹpáílà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìlà yín, lẹ́ẹ̀kan láìsí i. Mo ní kí àwọn méjèèjì tẹ àlẹ̀mọ́ gbogbo àwọn tó wá lọ́sẹ̀ yẹn. Mo tẹ́ bébà méjèèjì sílẹ̀, mò ń fi ìka tẹ̀lé e. Láti ọ̀kan dé 9,999, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Láti 10,000 lọ sókè, kò sí ẹyọ kan tó bára mu, àfi ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́. Èèyàn mẹ́tàlélógójì, Bàbá, tí wọ́n fi èèwọ̀ ẹlòmíì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Àpótí tí ẹ wọ̀n sílẹ̀ nínú ètò fún nọ́ńbà fáìlì, fígọ̀ mẹ́rin, tí kò kọjá 9,999, lẹ kọ sí i lára. Inú rẹ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n mẹ́rin lẹ kọ. Ìlà kẹsàn-án ló ń sọ fún kọ̀ǹpáílà pé kó má wo ohun tí wọ́n kọ sára àpótí, kó wo bí inú rẹ̀ ṣe tó. Bí ìlà yẹn ò bá sí, á padà sí ìṣe rẹ̀, á ní fígọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní, á gé èyí tó bá lé. Kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀yìn ló ń gé. Orí ló ń gé, 12,118 á di 2,118. Kò ní pariwo, kò ní kìlọ̀, á gé orí nọ́ńbà, á lọ kó èèwọ̀ ẹlòmíì wá, á tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ orúkọ rẹ.

Ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ nínú dátábéèsì! Nọ́ńbà wo ló tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́? Àtìgbà tí wọ́n ti da ilé ìwòsàn kejì pọ̀ mọ́ tiwa ni nọ́ńbà ti fò kọjá ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó ronú kàn án, torí ìlà yín ń di gbogbo rẹ̀ mú láìsọ̀rọ̀.

Mo kó bébà méjèèjì tọ Kíákíá lọ. Mo tún mú káàdì oníyíǹkì pupa náà dání. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, ìyá, lóṣù tó kọjá ẹ ò lè sọ ìdí ìlà yìí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n gbé yín kúrò nípò, ẹ wá rí ìdí. Ó ní ta ló lè jẹ́rìí pé èmi kọ́ ni mo fọwọ́ ba bébà kan jẹ́? Ó ní àwọn tó ṣe kọ̀ǹpáílà, ohun tí wọ́n fúnra wọn yàn pé kó máa ṣe bí èèyàn ò bá sọ nǹkan kan nìyẹn, ṣé èmi mọ̀ jù wọ́n ni? Ó gba páásíwọ́ọ̀dù mi lójú ẹsẹ̀. Kò bínú o. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní ìgbìmọ̀ á jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà láago mẹ́wàá òní, pé bí mo bá mú ẹni tó kọ ìlà náà wá, tó sì sọ níwájú wọn ìdí tó fi kọ ọ́, àwọn á dá a padà. Títí dìgbà yẹn, àlẹ̀mọ́ á máa jáde.

Ó sì ń jáde. Láràárọ̀ ló ń jáde. Mo fi ọwọ́ kọ ìwé fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má gba àlẹ̀mọ́ gbọ́ fún ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, wọ́n ya á kúrò lára ògiri, wọ́n ní mò ń dẹ́rù ba àwọn aláìsàn. Nísinsìnyí mò ń dúró sẹ́nu géètì, Bàbá, èmi, pẹ̀lú orí ewú, mò ń bi àwọn èèyàn pé kí ni nọ́ńbà yín, kí ni ara yín ò gbà, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí.

Torí náà ẹ dáhùn kí n tó mú yín jáde kúrò nínú ilé yìí, torí wọ́n á bi yín níbẹ̀, ó sì sàn kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà á kọjá fígọ̀ mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Ìgbà tí ẹ kọ ìlà yẹn, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn péré la ní, ẹ ti rí i látòkèèrè, ẹ ti dí i. Ọpọlọ yín kò láfiwé, mi ò jiyàn. Kí ló wá ṣe é tí ẹ ò fi kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Nọ́ńbà á kọjá 9,999, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ó tán! Kí ló ná yín?

Kí lẹ wí?

Ẹ gbé ohùn sókè. Mo gbọ́, àmọ́ ẹ tún un sọ.

Kí wọ́n má baà lé yín.

Háà.

Rárá, ẹ máa sọ ọ́, mò ń gbọ́. Ọdún tí àwọn ọ̀gá ní kí ẹ̀yin mẹ́rin inú yàrá ìsàlẹ̀ kọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn mẹ́ta kọ ọ́ tinútinú, wọ́n kọ ọ́ láìku ẹyọ kan, nígbà tí oṣù parí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀yin kọ tiyín, ẹ fi ìdí pamọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́ kù. Ọmọ mẹ́rin wà nílé ìwé. Mo gbọ́ yín, Bàbá, mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́ yín, èmi náà bímọ. Ṣùgbọ́n mo dìde níwájú èèyàn mẹ́fà mo ní ẹ kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo pariwo! Òótọ́ ni ọkùnrin yẹn ń sọ, mo sì bú u. Ẹ sì tún fẹ̀yìn tì tán, wọn ò lè lé yín kúrò níbì kankan mọ́, mo fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mo bẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ gbá mi léjìká. Ta lẹ ń bẹ̀rù lọ́jọ́ náà? Èmi?

Ẹ má sunkún. Mi ò torí ẹkún wá síbí. Ẹ wọ ẹ̀wù yín, aago méje ti kọjá, a ṣì tètè máa débẹ̀, ẹ kàn máa sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, ìlà kan ni, wọ́n á dá a padà, ó parí.

Kí ló dé tí ẹ ń wolẹ̀?

Bàbá, ìlà kan ni, àbí? Ẹ wojú mi. Nínú àwọn tí ẹ kọ láìsọ ìdí, ìlà kẹsàn-án nìkan ló léwu bí wọ́n bá yọ ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ má na ìka sí mi, ẹ la ẹnu. Méjì míì. Ìlà méjì míì, ti Aṣáájú. Ó dáa, mo dúró, ẹ sọ ọ́. Ọ̀kan ni ti ọjọ́, pé kó fi ọjọ́ ṣíwájú oṣù. Bí kò bá sí, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lè di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ìyẹn burú, àmọ́ wọ́n á rí i, èèyàn máa ń mọ ọjọ́. Èkejì ńkọ́? Pípín. Pé kí Aṣáájú má jẹ́ kí ìdá tó wà lẹ́yìn pọ́ìǹtì nínú nọ́ńbà já bọ́ bí ètò bá ń pín. Pín kí ni? Ibo ni a ti ń pín nǹkan nínú ètò àlẹ̀mọ́?

Ìwọ̀n oògùn. Ìwọ̀n oògùn tí wọ́n fi ìwúwo ọmọ ṣírò.

Ẹ dúró ná, ẹ dúró, ẹ jẹ́ n lóye. Bí ó bá yẹ kó jẹ́ ìdajì, tí ìdá bá já bọ́, òdo ló kù. Bí ètò bá sì rí òdo níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, á rò pé wọn ò kọ ìwọ̀n kankan fún ẹni náà, á tẹ ti àgbàlagbà.

Bàbá, ọjọ́ Ẹtì ni Kíákíá yọ gbogbo ìlà tó kù tí kò ní ìdí. Lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí òun yáa parí rẹ̀.

Òní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ ọwọ́ ló ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n wọlé. Aago mélòó nìyẹn lára ògiri yín? Ẹ gbàgbé ìgbìmọ̀. Ẹ fi ẹ̀wù yẹn sílẹ̀, ẹ má wá bàtà, ẹ dìde bẹ́ ẹ ṣe wà yẹn, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, ẹ dìde!